Àga Tí Ó Ń Jẹ́ Orúkọ Mi

Láti aago méje ni a ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, dókítà kò sì tíì dé. Kí àkókò má baà ṣòfò gbáà, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá kan fún yín. Ọ̀sán àná ni mo lá a, kì í ṣe òru, nítorí ó ti pẹ́ tí oorun òru ti kọ̀ mí. N kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ fara dà á. Èmi tí mo lá a, ó ṣì ń rú mi lójú bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko. Ẹ̀yin tí ewú ti wà lórí yín yóò rántí wa: kakí tó gún régé, àkẹtẹ̀ líle, ìwé sàmáǹsì ní abíyá. A máa ń wọ ilé onílé láti bojú wo inú ìkòkò omi, bóyá tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn, wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, onílé yóò fojú ba ilé ẹjọ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní màá gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, màá sì tún ilé kùn ní ọ̀dà. Dípò èyí, mo jókòó sórí àga kan nínú pálọ̀, mo ní kí n sinmi díẹ̀. Díẹ̀ náà di oṣù méje. Kò sí ẹni tó kú fún mi, kò sí ẹni tó bú mi. Oúnjẹ kàn di nǹkan tí wọ́n ń gbé wá tí wọ́n sì ń gbé lọ, ọjọ́ kàn di nǹkan tó ń kọjá lójú fèrèsé. Bí àwọn ọmọ bá pè mí lórí fóònù, màá máa wo fóònù náà títí yóò fi dákẹ́. Bí Ìyá Morádéùn, ìyàwó mi, bá bi mí pé kí ló dé, màá ní kò sí. Bí ó bá bi mí pé báwo ni ara, màá ní a dúpẹ́. Èsì tí a kọ́ gbogbo wa láti kékeré nìyẹn, n kò sì rí ìdí tí èmi yóò fi yí i padà.

Ní àárọ̀ àná, ó gbé abọ́ tí n kò fọwọ́ kàn kúrò níwájú mi, ó sì dúró. Kò pariwo.

"Bàbá Morádéùn," ni ó wí, "oṣù méje ni mo ti ń bá àga sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Ní Sátidé, màá kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Òṣogbo. Bí ọkọ mi bá dé kó tó di ọjọ́ náà, ẹ bá mi sọ fún un pé mo wá a títí."

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo mọ̀ pé kò fi ṣeré, mo sì mọ̀ pé bí ó bá lọ, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè mi nínú ilé náà mọ́. Mo fẹ́ sọ nǹkan. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ó dáa. Ó padà sí ilé ìdáná, ó lọ gbé ìkòkò kaná. Orí àga náà ni oorun ti gbé mi lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni pé àga mí kanlẹ̀ lábẹ́ mi, ó ní kí n dìde, ẹsẹ̀ ń ro òun. Pé àga sọ̀rọ̀ kò jọ mí lójú. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ohùn mi gan-an ni ó fi sọ ọ́. Mo ní ẹni tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin kò yẹ kó máa ráhùn sí ẹni tó ní méjì.

"Méjì tí o ní yẹn," ni àga wí, "ibo lo fi wọ́n rìn dé láti oṣù méje?"

Mo dìde. Àga na ara, oríkèé rẹ̀ dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ó mú fìlà mi lórí ìṣó, ó dé e. Ó wọ bàtà mi sí ẹsẹ̀ iwájú, ó wọ sálúbàtà Ìyá Morádéùn sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì jáde síta. Mo tẹ̀ lé e, nítorí n kò fẹ́ràn kí wọ́n máa wọ bàtà ẹni kiri inú ẹrẹ̀.

Ìyá Morádéùn ń bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi, ó ru ike omi lórí. Bí ó ti rí àga náà, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní ọkọ òun mà jáde síta lónìí, báwo ni ara. Àga ní a dúpẹ́. Ó ní ṣé oorun dùn. Àga ní a dúpẹ́. Ó dà bí ẹni pé èsì náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó di apá àga mú, àwọn méjèèjì sì kọjú sí ojú títì.

Mo sáré bọ́ síwájú wọn. Mo ní, "Ìyá Morádéùn, èmi rèé."

Ó wò mí bí a ti ń wo ẹni tó wá ta ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n. Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́," ni ẹnu mi wí, kí n tó lè dá a dúró.

Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n bá òun kí ilé. Òun àti àga kọjá lọ.

Mo dúró, mo rò ó. Ó hàn sí mi pé àṣìṣe inú ìwé ni, ẹnì kan ló ti kọ orúkọ mi mọ́ àga. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé, ọ́fíìsì ni à ń gbé e lọ, a kì í jà lójú títì. Ọ́fíìsì wo ni yóò jẹ́ ni n kò mọ̀. Mo wo ara mi, mo rí i pé kakí ló wà lọ́rùn mi, ìwé sàmáǹsì sì wà ní abíyá mi. Ibi tí ẹ̀rọ omi wà tẹ́lẹ̀ ti di ilé kan tó ní ilẹ̀kùn búlúù. Mò ń wo ẹ̀yìn ìyàwó mi lọ́ọ̀ọ́kán, òun àti àga, wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n wolé-wolé kì í kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn láìkàn án. Mo kan ilẹ̀kùn.

Sùárá télọ̀ ló ṣí i. Òun ni ó máa ń rán kakí fún wa láyé ọjọ́un, ó sì ṣì ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa títí di òní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí bí wọ́n ti máa ń bẹ̀ wá: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ìkòkò náà ni, àwọn ayálégbé ni wọn kì í dé e, kí n jọ̀wọ́ kọ́kọ́ jẹ ọsàn kan. Mo ní n kì í jẹ nǹkan lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣí ọmọrí ìkòkò.

Omi inú rẹ̀ kò mira. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí tanwíjí rí, bí ó ti ń ṣe nìyí: ó máa ń dorí kodò sínú omi, yóò gòkè wá mí díẹ̀, yóò sì tún rì padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tó wà nínú ìkòkò Sùárá ń ṣe, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n, wọn kò ju èékánná lọ, àgbà sì ni gbogbo wọn. Mo rí ìyá tó kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìwé kíkà. Mo rí awakọ̀ rélùwéè kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dorí kodò. Yóò gòkè, yóò yọ ẹnu sójú omi, yóò ní "A dúpẹ́," yóò sì padà sísàlẹ̀. Mo kà wọ́n dé mọ́kàndínlógún. Èmi ni ẹni ìkọkàndínlógún.

Mo ní Sùárá mọ òfin omi tí kò ṣàn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n wo apá òsì dáadáa, òun náà wà níbẹ̀, òun ni ẹni tó wọ bùbá aláwọ̀ ewé.

Mo fa bírò yọ, mo kọ sàmáǹsì. Nígbà tí mo kà á, orúkọ mi ni mo bá níbẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, orúkọ mi náà ni. Bírò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, ó ní lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti fi òun buwọ́ lùwé, orúkọ kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ọ́n kọ nìyẹn. N kò fẹ́ fi ìwé mìíràn ṣòfò. Mo fi sàmáǹsì náà lé ara mi lọ́wọ́, mo gbà á, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀. Sùárá ní kí a jọ máa lọ, tòun wà lápò òun, ó ti pé ogójì ọjọ́ tí òun ti ń jẹ́ ẹjọ́ kan náà.

Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ó gùn nítorí ìkíni. Òpó iná kí wa, ó ní a kú ìrìn, ilé ńkọ́. A ní a dúpẹ́. Òkìtì yanrìn kan kí wa, ó ní ara ò le bí. A ní a dúpẹ́. Kòtò tó wà láàárín títì ní ṣé àwọn ọmọ ń pè yín. A ní a dúpẹ́, a rọra yà á sílẹ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá dáhùn, bọ́tìnnì kan yóò já lára kakí mi, Sùárá yóò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó ní bọ́tìnnì kì í ṣe ohun tí à ń sọ nù. Mo ní òótọ́ ni. Nígbà tí a ó fi dé ibẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń di ẹ̀wù mi pọ̀.

Òkè ni ọ́fíìsì náà wà. N kò wí pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o. Nínú afẹ́fẹ́ ni, ó ga tó orí igi àgbọn. Okùn tí à ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kan, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Aṣọ ṣì wà lórí okùn náà. Bí a ti ń gùn ún lọ, à ń sọ fún àwọn ìró tútù pé ẹ yàgò, wọ́n sì ń yàgò fún wa. Pé ọ́fíìsì léfòó kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kò la gọ́tà fún un, omi ń kán láti abẹ́ rẹ̀ sórí àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn àgbà ló tò sínú rẹ̀. Wọ́n tò yípo, ẹni tó kẹ́yìn di ẹ̀wù ẹni tó ṣíwájú mú, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo wa á fì sápá ọ̀tún, a ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ara wa. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán. Ó mọ́ tónítóní, ó de táì, òǹtẹ̀ mẹ́ta sì wà níwájú rẹ̀. Mo ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sí ìdí wọn. Àkọ́kọ́ ní DÁADÁA NI. Èkejì ní DÁADÁA NI. Ẹ̀kẹta náà kò yàtọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣe mẹ́ta nígbà tí ẹyọ kan tó. Ó ní àwọn aláìsàn ti pọ̀ jù fún ẹyọ kan.

Ó kan Sùárá. Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán rẹ́rìn-ín sí i, ó kí i tilé-tọ̀nà: báwo ni iṣẹ́, báwo ni ara, báwo ni ìyàwó. Sùárá ní a dúpẹ́, a dúpẹ́, dáadáa ló wà. Òǹtẹ̀ balẹ̀ gbì. Bí ó ti ń padà lọ tún ìlà tò, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọ̀gá Wolé," ni ó wí jẹ́jẹ́, "Sìfáwù ìyàwó mi ti kú, ọdún mẹ́ta rèé. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín báyẹn, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ní kó padà lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó ní ó di ọ̀la.

Ó kàn mí. Mo gbé sàmáǹsì kalẹ̀, mo ṣàlàyé létòlétò pé àga kan ti gba ipò mi, ó ń bá ìyàwó mi lọ, ó sì ń ba bàtà mi jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹjọ́ àga pọ̀ lọ́wọ́ àwọn lọ́dún yìí. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, irùngbọ̀n kékeré kan hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Bí ó ti ń wá fáìlì mi, etí rẹ̀ gùn wálẹ̀. Nígbà tí yóò fi rí i, ìwo méjì ti yọ, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé orí tábìlì. Ó di òbúkọ tán, ṣùgbọ́n táì rẹ̀ kò wọ́. Àwọn akọ̀wé kékeré méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di ewúrẹ́ ṣáájú rẹ̀, wọ́n ń jẹ fáìlì. Mo bi wọ́n pé kí nìyẹn. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń kó ìwé pamọ́ nìyẹn. N kò bá wọn jiyàn. Mo ti dé ọ́fíìsì mìíràn rí tí ìtọ́jú ìwé ibẹ̀ kò dáa tó èyí.

Wọ́n pe àga. Ó wọlé, Ìyá Morádéùn dì í lápá mú. Òbúkọ ní kí àga jókòó. Kò sí ohun tí yóò jókòó lé, nítorí náà mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó sì jókòó lé mi lẹ́yìn. Kò wúwo. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ náà.

Òbúkọ bi àga pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀ nílé. Àga ní òun kàn ń wà níbẹ̀ ni. Ó bi èmi náà. Mo ronú, mo ní èmi náà kàn ń wà níbẹ̀ ni. Ó ní ìgbà wo ni àga bá obìnrin yìí sọ ọ̀rọ̀ gidi kẹ́yìn. Àga ní òun kò bá a sọ ọ́ rí. Ó bi mí ní ìbéèrè kan náà, mo ní n kò rántí. Òbúkọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àga sàn díẹ̀, nítorí ó mọ èsì tirẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ènìyàn ni mí. Àga ní òun náà ní apá, òun ní ẹsẹ̀, òun ní ẹ̀yìn, àti pé ní báyìí, ta ló jókòó lé ta.

Mo gbà pé ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni.

Òbúkọ nu ẹnu rẹ̀, ó ní ó ku ẹyọ kan, kí àwa méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Báwo ni ara?"

"A dúpẹ́," ni èmi àti àga wí. Ohùn kan ni. Kódà ikọ́ kékeré tí mo máa ń hú tẹ̀ lé e, àga hú u pẹ̀lú mi.

Òbúkọ mi orí. Ó ní òun kò lè mọ èwo ni ọkọ, èwo ni igi, kí ìyàwó fúnra rẹ̀ mú èyí tó bá fẹ́. Ìyá Morádéùn wo àga, ó wo èmi tí mo wà lábẹ́ rẹ̀. Kò bínú. Ìbá bínú ni, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn.

"Ẹ fún mi ní àga," ni ó wí. "Kì í da oúnjẹ nù. Bí mo bá sì bá a sọ̀rọ̀ tí kò dáhùn, mo mọ̀ pé àga ni, kò ní dùn mí."

Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò yíká bí a ti ń yẹ ilé wò. Mo wá ibi tó ti bàjẹ́, n kò rí i. Ìdájọ́ náà tọ́.

Nígbà náà ni òórùn jíjó kan wọlé. Mo bi òbúkọ pé kí ló ń jó. Ó ní ọjọ́ tó kù fún mi láyé ni, bí ẹnì kan bá ti jẹ̀bi, àwọn máa ń jó wọn kí wọ́n má baà ṣòfò.

"Jíjó wọn gan-an ni ìṣòfò," ni mo wí.

"Kí ènìyàn máa fi wọ́n jókòó ńkọ́?" ni òbúkọ wí, ó sì ń jẹ fọ́ọ̀mù mi lọ.

Wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn, àga níwájú, Ìyá Morádéùn lẹ́yìn. Ewúrẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn náà jẹ. Mo rí i kedere pé bí okùn bá já, ọ́fíìsì yóò gbé mi lọ, n kò sì mọ ibi tí ọ́fíìsì ń lọ. Mo yọ orí lójú fèrèsé. Ìyàwó mi gbójú sókè, bí ọmọlúàbí ti ń gbójú sókè wo ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ṣé kò sí?"

Àwọn tó tò kò fì mọ́. Òbúkọ gbé òǹtẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, ó ń dúró de èsì mi. Èsì ti wà lẹ́nu mi, ó ti dúró lẹ́yìn eyín bí ẹni tó tètè dé ìsìn. Mo pa eyín dé mọ́ ọn, mo wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú orí mi, mo ṣí ìwé àìsàn tí a kọ́ nílé ẹ̀kọ́ wolé-wolé: ibà, onígbáméjì, ikọ́ fée, ibà pọ́njú. Mo kà á láti òkè délẹ̀, n kò rí èyí tó mú mi. Ibi tó yẹ kí ó wà, òfìfo ni.

"Àìsàn tí kò lórúkọ kì í ṣe àìsàn," ni òbúkọ wí.

Òǹtẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ wálẹ̀. Mo gbọ́ tí okùn ń já fọ́nrán-fọ́nrán. Òórùn jíjó náà ti kún imú mi. Mo ya ẹnu, n kò sì mọ ohun tí yóò jáde níbẹ̀.

Mo jí.

Ọwọ́ Ìyá Morádéùn wà léjìká mi. Ó ní mo ń kérora lójú oorun. Oòrùn wà lójú fèrèsé, àga wà lábẹ́ mi, kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òórùn jíjó náà kò lọ. Ẹ̀wà ni, lórí iná, nílé ìdáná.

Ó wò mí. "Ṣé kò sí?"

Ẹ̀yin náà mọ èsì rẹ̀. A kì í ronú sí i. Ó ti dé ètè mi.

"Ó wà," ni mo wí.

Kò kúrò níbẹ̀. Ó ní kí ló wà. Mo ní n kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ti jókòó lé mi láyà kí n tó lajú. Mo ní bí ó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga ti ń gbọ́ ẹni tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni. Mo ní oúnjẹ rẹ̀ kò yí padà, ẹnu mi ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ní ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń wo iye ọjọ́ tó ṣeé ṣe kí ó kù níwájú, tó sì máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n ti pọ̀ jù. Èyí ni mo sọ kẹ́yìn.

Ìyá Morádéùn fa àpótí kan, ó jókòó síwájú mi títí orúnkún rẹ̀ fi kan tèmi. Ó ní nọ́ọ̀sì kan ti wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìsoríkọ́ báyìí máa ń mú àgbàlagbà, pé dókítà máa ń tọ́jú rẹ̀ bí ó ti ń tọ́jú ibà. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń retí pé kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ó ní àwa méjèèjì ni a ó jọ wá síbí, sọ́dọ̀ dókítà.

Èéfín ti ń yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Odindi ìkòkò ẹ̀wà ni, èyí tí a ó jẹ lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mo fẹ́ dìde.

"Ẹ̀wà ń jó," ni mo wí.

"Kó máa jó," ni ìyàwó mi wí. "Kí ló tún wà?"